Ohun Tí Ń Ka Ìlùkìkì Ọkàn: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Lò Ó

Àwọn àgbà ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti mọ́ wa lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń sọ ọ́ láìronú sí i. Èmi náà ti kọ ọ́ sí ojú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní àìmọye ìgbà, kí ó tó di pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan mo bá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin níbi tí ó jókòó sí ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá títì. Òógùn tútù ti bò ó, òyì ń kọ́ ọ, ohun èlò tí èmi fúnra mi so mọ́ ọn lọ́wọ́ sì ń ké pé kí ó tún yára sí i. Ọ̀rọ̀ ohun èlò náà ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ olùkọ́ sọ, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti ní in lọ́wọ́, àwọn mìíràn sì ń tọ́jú owó láti rà á.

Krofrom ni mò ń gbé, ní ìlú Kumasi ní ilẹ̀ Ghana. Ní èdè Twi, ìtumọ̀ orúkọ náà ni ìlú tuntun. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti ń ṣòwò ní Kumasi. Púpọ̀ nínú wọn padà sílé nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde. Ìdílé tiwa wà lára àwọn tí ó tún padà wá. Ní ọjọ́ Sátidé àti ní ọjọ́ ìsinmi ìjọba, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, orin jama ni yóò jí ẹni tí ó bá sùn síhìn-ín. Àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní «keep fit» ni ó ń sáré kọjá lọ sí ìhà Manhyia tàbí sí ìhà Tafo, tọmọdé tàgbà, tọkùnrin tobìnrin, tí wọ́n ń lù, tí wọ́n ń kọrin. Inú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ṣàkíyèsí pé ojú àwọn tí ń sáré kò sí lójú ọ̀nà mọ́ bí kò ṣe ní ọrùn ọwọ́ wọn, níbi tí agogo kan ti ń sọ fún wọn iye ìgbà tí ọkàn wọn ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Mo ra tèmi, mo sì ra ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n mi.

Kí a tó sọ̀rọ̀ ohun èlò, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ó ń kà. Ọkàn tí mò ń wí yìí kì í ṣe ọkàn tí a fi ń ronú tàbí tí a fi ń fẹ́ràn ènìyàn. Ẹran ara ni, ó tóbi tó ìkúùkù olúwa rẹ̀, àárín àyà ni ó wà, ó sì fì sí apá òsì díẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Nígbàkúùgbà tí ó bá fún ara rẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á rú wọ inú àwọn iṣan. Rírú yìí ni ọwọ́ wa ń bà ní ọrùn ọwọ́ àti ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn. Bí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ sábà máa ń lù láàárín ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Ti ẹni tí eré sísá ti mọ́ lára lè lọ sílẹ̀ ju 60 lọ láìjẹ́ pé àìsàn ń ṣe é. Bí a bá ń ṣiṣẹ́, àwọn ẹran ara ń bèèrè ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i, ọkàn á sì yára láti dá wọn lóhùn. Ìdí nìyí tí iye ìlùkìkì fi lè jẹ́ òṣùwọ̀n fún bí iṣẹ́ tí a ń ṣe ti le tó.

Ọwọ́ yín méjèèjì ni ohun èlò àkọ́kọ́, kò sì ní owó rírà. Ẹ gbé ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín lé ọrùn ọwọ́ kejì, ní ìsàlẹ̀ ibi tí àtàǹpàkò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe lo àtàǹpàkò fún kíkà náà, nítorí ó ní ìlù tirẹ̀ tí ó lè dàrú mọ́ èyí tí ẹ ń wá. Bí ẹ bá jókòó, ẹ kà á fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró nínú eré, ìṣẹ́jú-àáyá 15 ni kí ẹ kà, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí ọkàn kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọrùn ni ẹ fẹ́ lò, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ fọwọ́ kàn, kí ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ líle. Ẹni tí kò bá tíì mọ èyí ṣe kò ì tíì yẹ ní ẹni tí í lọ ra ohunkóhun, nítorí kò ní ohun tí yóò fi mọ̀ bóyá ohun tí ó rà ń pa irọ́.

Nísinsìnyí, oríṣi ohun èlò méjì ni ó gbajúmọ̀, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà kàwé ọkàn yàtọ̀ pátápátá.

Èkíní ni ọ̀já tí a ń dè mọ́ àyà. Nígbàkúùgbà tí ọkàn bá fẹ́ lù, agbára mànàmáná kékeré kan máa ń la ara rẹ̀ kọjá, a sì lè bá a ní awọ ara. Ọ̀jọ̀gbọ́n Willem Einthoven ti ìlú Leiden ní ilẹ̀ Họ́láńdì ni ó ṣe ẹ̀rọ tí ó kọ́kọ́ ya àwòrán agbára yìí dáradára, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ó gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1924. Ẹ̀rọ náà wúwo tó nǹkan bí kílógíráàmù 270, ènìyàn márùn-ún ni ó sì ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò á ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bọ inú omi iyọ̀, kí agbára náà lè rí ọ̀nà gbà jáde. Ní 1977, Seppo Säynäjäkangas, ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìlú Oulu ní ilẹ̀ Finland, dá ilé-iṣẹ́ Polar sílẹ̀ láti ṣe irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ń sáré lórí yìnyín. Ní 1982, wọ́n mú èyí tí kò ní okùn wáyà jáde: ọ̀já ní àyà, agogo ní ọwọ́, ọ̀kan ń ránṣẹ́ sí èkejì láti inú afẹ́fẹ́. Ọ̀já tí a ń rà lónìí, ọmọ-ọmọ ẹ̀rọ Einthoven ni. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé kí ẹ fi omi rin inú ọ̀já náà kí ẹ tó dè é, ẹ rántí omi iyọ̀ ti Leiden. Ọ̀já gbígbẹ lè ka ìkàkúkà títí òógùn yóò fi rin ín.

Èkejì ni agogo ọwọ́. Bí ẹ bá yí i dojú dé, ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tí ń ṣẹ́jú. Ẹ̀jẹ̀ máa ń gbé irú ìmọ́lẹ̀ yìí mì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá rú wọ inú iṣan, ìmọ́lẹ̀ tí ń padà jáde á dín kù; bí ó bá fà sẹ́yìn, á pọ̀ sí i. Lílọ àti bíbọ̀ yìí ni agogo ń kà, tí ó sì ń pè ní ìlùkìkì ọkàn. Ẹ ríi pé kò dé ọ̀dọ̀ ọkàn rárá. Ojú fèrèsé ni ó ti ń yọjú. Ohunkóhun tí ó bá mi fèrèsé náà lè ṣì í lọ́nà: okùn tí kò fún, apá tí ń jù fìrìfìrì, òtútù tí ó lé ẹ̀jẹ̀ kúrò ní awọ ara, tàbí ara fínfín. Nígbà mìíràn ó máa ń gba ìró ẹsẹ̀ ẹni tí ń sáré, á sì kà á bí ẹni pé ìlù ọkàn ni.

Mo ti fi tèmi ṣe eré kan. Mo so ó mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó wà lórí tábìlì wa. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, agogo náà sọ fún mi pé ọkàn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń lù ní ìgbà 78. Àwọn ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èyí kò fi hàn pé ayédèrú ni, nítorí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí agogo tí ó lórúkọ pàápàá. Ohun tí ó fi hàn ni pé ohun èlò yìí ń kà, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí ó ń kà fún. Bí mo bá ti fi ẹ̀kọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí sọ́kàn ni, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi ìbá má ṣẹlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ń bèèrè bóyá agogo oníìmọ́lẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún àwọ̀ dúdú tiwa. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, nítorí ohun tí ó mú awọ ara dúdú máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé mì pẹ̀lú. Àwọn ìwádìí kò fohùn ṣọ̀kan. Àwọn kan rí i pé àṣìṣe pọ̀ sí i lára aláwọ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà yẹ ènìyàn 53 tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020: wọn kò rí ìyàtọ̀ tí ó dájú láàárín àwọ̀ kan àti èkejì, wọ́n rí i pé oríṣi agogo yàtọ̀ síra, àti pé àṣìṣe pọ̀ nígbà tí ara ń mì ju ìgbà tí ó dúró jẹ́ẹ́ lọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí olúkúlùkù yẹ̀ ẹ́ wò ní ara tirẹ̀.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí, ó sì dára kí ẹ ṣe é ní iwájú ẹni tí ń tà á, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Èkíní, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ fi ìka méjì kà, kí ẹ sì wo ohun tí agogo wí. Bí ìyàtọ̀ kò bá ju márùn-ún lọ, ó ṣe é gbà. Èkejì, ẹ gun àtẹ̀gùn tàbí kí ẹ rìn kíákíá títí èémí yóò fi yí padà, kí ẹ dúró, kí ẹ tún kà. Èyí tí ó dára á gòkè pẹ̀lú yín, á sì bá yín sọ̀ kalẹ̀. Èyí tí kò dára á máa pe iye kan náà bí ẹyẹ ayékòótọ́. Ẹ̀kẹta, ẹ dúró sójú kan kí ẹ máa ju apá. Bí iye náà bá fò sókè lójijì láìjẹ́ pé ó rẹ̀ yín, apá yín ni ó ń kà.

Èwo ni kí a wá rà? Ẹni tí ń rìn tàbí tí ń sáré wọ́ọ́rọ́wọ́, agogo ọwọ́ tó o, bí ó bá lè dè é kí ó fún díẹ̀, ní ìwọ̀n ìka kan tàbí méjì lókè egungun ọrùn ọwọ́. Ẹni tí ń múra fún ìdíje, tí ń sáré fíofío, tí ń sinmi, tí ó sì tún ń sáré, ọ̀já àyà ni kí ó rà, nítorí agogo oníìmọ́lẹ̀ máa ń pẹ́ lẹ́yìn nínú irú ìyípadà kíákíá bẹ́ẹ̀. Ọ̀já tún ní àǹfààní kan tí àwa ará Ghana mọ rírì rẹ̀: bátìrì kékeré róbótó bí owó ẹyọ ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, ó sì ń tó oṣù púpọ̀, nígbà tí agogo ń fẹ́ iná ní ọjọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí «dumsor» bá mú iná lọ, ọ̀já kò bìkítà. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè bóyá ọ̀já náà lè bá fóònù tàbí agogo tí ẹ ní sọ̀rọ̀, kí ẹ gbé e wọ̀ láti mọ̀ pé ó bá àyà yín mu, kí ẹ sì máa fi omi ṣan òógùn kúrò lára rẹ̀ lẹ́yìn ìlò. Ẹni tí dókítà ti fi ẹ̀rọ sí láyà láti ran ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ bèèrè lọ́wọ́ dókítà náà kí ó tó lo èyíkéyìí.

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Lẹ́yìn tí a ti ra ohun èlò, iye wo ni kí a máa lé? Ìṣírò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé kí a yọ ọjọ́ orí kúrò nínú 220. Ohun tí ó kù ni òkè téńté tí ọkàn lè dé. Ẹni ọdún 24 á ní 196. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ọkàn ní Amẹ́ríkà wí pé ìdá 50 sí 70 nínú 100 iye yìí ni iṣẹ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ìyẹn 98 sí 137 fún ẹni ọdún 24. Láti ìdá 70 sí 85 sì ni iṣẹ́ líle. Ìṣírò náà rọrùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin. Inú ìwé kan tí Fox, Naughton àti Haskell kọ ní 1971 ni ó ti wá; wọ́n fojú wo àkójọ ìwádìí àwọn ẹlòmíràn, wọ́n sì fa ìlà kan la àárín rẹ̀. Ní 2001, Tanaka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkójọ ìwádìí 351, wọ́n sì dá a lábàá pé kí a sọ ọjọ́ orí di ìlọ́po 0.7, kí a yọ ọ́ kúrò nínú 208. Fún ẹni 70 ọdún, ti àkọ́kọ́ fún un ní 150, ti èkejì fún un ní 159. Síbẹ̀, èyí tí a bá lò, ọkàn ẹnì kan lè fi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ sí ohun tí ìṣírò wí, kí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá.

Ẹni ọdún 56 ni ẹ̀gbọ́n mi nígbà náà. Mo yọ 56 kúrò nínú 220, mo rí 164. Mo mú ìdá 70 nínú rẹ̀, ó jẹ́ 115. Mo sì pàṣẹ fún agogo pé bí ọkàn rẹ̀ kò bá tó 115, kí ó máa ké. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹgbẹ́ wa dé ibi tí ọ̀nà ti ń gòkè. Ẹ̀gbọ́n mi wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní, «Àbúrò, agogo yìí ní n kò ì tíì ṣe tó o. 98 péré ni.» Mo ní, «Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi kún un díẹ̀.» Ó fi kún un. Èmi bá àwọn ọ̀dọ́ lọ síwájú. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, n kò rí i mọ́.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kò bèèrè nípa agogo. Ó ní, «Bàbá, oògùn wo ni ẹ ń lò?» Ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn pé atenolol ni, fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Nọ́ọ̀sì wo agogo, ó wo èmi náà. Ó ní, «Oògùn yìí ni ó ń di ọkàn yín mú kí ó má baà sáré. Ṣé agogo yín mọ̀ bẹ́ẹ̀?» N kò rí èsì fún un. Mo ti mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ń lo oògùn. Ilé kan náà ni a ń gbé. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ó kan ọ̀rọ̀ ìṣírò. Ọkàn tí oògùn ń fà sẹ́yìn kò lè dé 115 bí ti ẹlòmíràn; kí ó tó dé 98, ara rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù. Ọlọ́run yọ wá, ó sinmi, ó sì padà wálé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Àtenolol, propranolol, bisoprolol: idílé kan ni wọ́n, iṣẹ́ wọn sì jọra. Bí ẹni tí ń lo irú wọn bá fẹ́ fi iye ìlùkìkì ṣe òṣùwọ̀n, ẹnu dókítà ni kí ó ti gba iye náà. Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí ọ̀rọ̀ mi dá oògùn rẹ̀ dúró kí ọkàn rẹ̀ lè yára; dídá a dúró lójijì léwu púpọ̀.

Òṣùwọ̀n mìíràn wà tí oògùn kò lè dàrú bẹ́ẹ̀, ẹnu wa ni. Bí ẹ bá lè kọ orin jama já gaara, iṣẹ́ náà fúyẹ́. Bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí orin kò ṣe é kọ, ó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni ẹ lè sọ kí ẹ tó mí, ó le. Àjọ Ìlera Àgbáyé wí ní 2020 pé kí àgbàlagbà ṣe iṣẹ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 ní ọ̀sẹ̀ kan, tàbí iṣẹ́ líle fún ìṣẹ́jú 75 sí 150. Ẹ fi ẹnu yín wọn ìwọ̀n náà, kí agogo sì ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ rántí pẹ̀lú pé oòrùn, àìmu omi àti ibà máa ń mú ọkàn yára. Bí ẹ bá ń ka ìlùkìkì yín ní kùtùkùtù kí ẹ tó dìde lórí ibùsùn, tí ẹ sì rí i ní ọjọ́ kan pé ó ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ dáadáa, ẹ sinmi ní ọjọ́ náà. Bí àyà bá ń dunni, bí òyì bá ń kọ́ni, tàbí bí ìlù ọkàn bá ń fò ségesège, kí a dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a sì wá ìtọ́jú, ohun yòówù tí agogo ìbáà wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ẹnu iṣẹ́, ìbáà jẹ́ ní Kétou, ní Atakpamé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Kumasi níhìn-ín, ẹ kò nílò láti ra ohunkóhun kí ẹ tó kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí. Agogo kan tí ó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá àti ẹfun ti tó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ka ìlù tirẹ̀ ní ìjókòó, kí ó fò sókè fún ìṣẹ́jú kan, kí ó tún kà, kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú méjì, kí ó kà lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ kọ iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ojú pátákó. Ìṣírò wà nínú rẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa ara wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi iye ti àgbà dá ọmọdé lẹ́jọ́, nítorí ọkàn wọn a máa yára ju tiwa lọ. Àwọn ọmọ náà yóò rí i fúnra wọn pé kò sí ẹni méjì tí iye wọn bára mu délẹ̀, àti pé kò sí èyí tí ó burú nínú wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń bá wa jáde ní ọjọ́ Sátidé. Dókítà ti sọ ìwọ̀n ìrìn tí ó yẹ ẹ́ fún un. Agogo náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ní kí n pa igbe rẹ̀, aago wákàtí nìkan ni ó ń fi í wò. Bí a bá dé ibi tí ọ̀nà ti ń gòkè, ó máa ń dúró, á gbé ìka méjì lé ọrùn ọwọ́, á sì máa kà. Èmi náà á dúró tì í títí yóò fi kà á tán.